Fìlà Mẹ́tàlélógójì

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ti ilé mi nínú wọn. Ilé tèmi, n kì í tì í. Ta ló fẹ́ jí kí ni níbẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ mẹ́rìnlá yẹn, ti àwọn onílé kejì ni, àwọn tí ilé wọn gan-an wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n wá ra òmíràn sí Òpópónà Èbúté ní abúlé wa, Polgarrow, kí wọ́n lè máa wo òkun nígbà tí oòrùn bá ràn. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ fún wọn, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tí mò ń ṣí fèrèsé kí ilé má baà hu olú. Bí wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á pè mí lórí tẹlifóònù: “Màmá Thirza, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú ilé gbóná.” Bí wọ́n bá ti lọ, èmi náà ni n ó pa iná, tí n ó tilẹ̀kùn.

Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì, ẹnu mi ò tíì fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n yáa tètè sọ ọ́ pé bí mo bá ti rántí ọjọ́ Sátidé tí mo fẹ́ ròyìn yìí, ara mi á yá gágá, bíi pé kí n dìde kí n tún bá wọn jà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nítorí Jenna ni. Ọmọ ọmọ mi ni Jenna, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tí kò tíì lè de okùn bàtà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, òun ló sì ń tu ọkọ̀ agbẹ̀mílà Polgarrow, ọkọ̀ tí ń lọ gbé àwọn tó bá há sójú òkun. Obìnrin kankan ò dé ipò yẹn rí lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni o, kò sí owó níbẹ̀, àfi òtútù àti ìyìn. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kò ṣeé yẹ̀: ẹni tí kò bá lè dé èbúté láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ìpè bá ké, kò lè wà nínú àwọn atukọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún Kérésì dé nígbà tí onílé Jenna kọ̀wé sí i pé kó jáde kí Àjíǹde tó dé. Ó fẹ́ máa fi ilé náà gba àwọn tó ń wá lo ìsinmi. Jenna wá ilé káàkiri Polgarrow, kò rí. Ilé ṣófo lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ènìyàn lè gbé. Ìlú tó sún mọ́ wa jù lọ tí ó ti lè rí yàrá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni. Ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bó bá kó lọ, ọkọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ èmi náà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé méjìlá sí Pápá Ilé Búrẹ́dì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbìmọ̀ abúlé ti lo ọdún mẹ́ta láti kọ ìwé ètò ilẹ̀ wa, ìwé tó máa sọ ohun tí wọ́n lè kọ́ àti ibi tí wọ́n lè kọ́ ọ sí. Nínú ìwé náà, Ìlànà Keje sọ pé ilé tuntun yòówù tí wọ́n bá kọ́ sí Polgarrow, ẹni tó máa gbé inú rẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò nìkan ló lè ní in. Kì í ṣe ilé kejì, kì í ṣe ilé ìsinmi. Bí Ìlànà Keje bá dúró, orúkọ Jenna ló wà lókè nínú àwọn tó máa gba ilé ní Pápá. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹni tó bá lówó jù ló ni ín, n ó sì gba kọ́kọ́rọ́ méjìlá sí i. Ẹ gbà mí!

Sátidé àárín oṣù kejì ni wọ́n fi ìpàdé gbogbo abúlé sí, láti dìbò lórí Ìlànà Keje, ní aago méjì ọ̀sán. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Clement Purefoy, ló mú ọjọ́ náà. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti kó wá láti ìlú ńlá, ọkùnrin tó máa ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ lójoojúmọ́ tó sì fẹ́ràn òfin ju oúnjẹ lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé wà nínú ìsinmi ló mú, ọ̀sẹ̀ tí àwọn onílé kejì máa ń rọ́ wá. Àwọn náà sì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ́dọ̀ wa, òfin gbà wọ́n láyè. Mo sọ fún Digory pé, “Ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń ṣe.”

Digory Pascoe, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó ti pa akàn títí akàn fi mọ ohùn rẹ̀, ní, “Ìwọ Thirza, kò mọ nǹkan kan. Kàlẹ́ńdà ló wò. Ẹni tí kò níṣẹ́ kì í mọ ìgbà ìsinmi.”

Gbọ̀ngàn wa wà lórí òkè, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Mo ka orí. Mo máa ń ka nǹkan, iṣẹ́ mi ló kọ́ mi: aṣọ ìnura, síbí, ife. Àwa ọmọ Polgarrow jẹ́ méjìléláàádọ́ta. Àwọn onílé kejì jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú mi dùn. Mo wo Jenna tó jókòó nídìí ọ̀nà, fìlà onírun àgùntàn aláwọ̀ ọsàn lórí rẹ̀, èyí tí mo hun fún un. Mo ṣẹ́jú sí i. Ọwọ́ lásán la máa nà sókè, ká sì lọ mu tíì.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyáàfin Fenella Marchbanks dìde. Ilé rẹ̀ ni Nọ́ńbà Mẹ́fà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló pẹ́ jù lọ́wọ́ mi, ogún ọdún. Ó ní, “Ibí yìí ni àwọn ọmọ mi ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. A ń ná owó lọ́dọ̀ yín, a ń tún ilé tó ti fẹ́ wó ṣe. Mi ò rí ìdí tí a ó fi ṣe òfin tó ń pè wá ní àlejò.”

Ara mi gbóná. N kò tilẹ̀ nawọ́. Mo ní, “Ìyáàfin, ọjọ́ mélòó lẹ sùn níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?”

“Màmá Thirza, ìyẹn kọ́ ni...”

“Ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì. Èmi ni mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eku tó wà nínú àjà yín pẹ́ níbẹ̀ jù yín lọ. Ẹ jẹ́ ká fún eku ní káàdì ìdìbò!”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága gbá tábìlì. Ìyáàfin Marchbanks jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n bí akàn tí wọ́n sè. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ó dùn mí díẹ̀. Obìnrin náà ò ṣe mí níkà rí. Nígbà tí Jory ọkọ mi kú, ó wakọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù wá síbi ìsìnkú, ó sì fọ àwo.

Alága ní kí àwọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ sọ ọ́ kíákíá ká lè dìbò. Ibẹ̀ la wà tí ẹ̀rọ ìpè fi ké.

Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ rí kò lè mọ̀ ọ́n. Ní ìbàdí ènìyàn méjìdínlógún lẹ́ẹ̀kan náà ló ti ké. Àwọn àga pariwo nílẹ̀, Jenna ti dé ẹnu ọ̀nà. Kì í sì í ṣe àwọn atukọ̀ nìkan ló ń lọ lọ́dọ̀ wa. Ní ìgbà òtútù, ìjì láti ìlà oòrùn máa ń kó òkúta wẹẹrẹ wá dí ojú èbúté, katakata tó ń wọ́ ọkọ̀ agbẹ̀mílà lọ sómi kò ní lè kọjá. Gbogbo ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì ló gbọ́dọ̀ fa okùn, ìyá ọlọ́mọ, olùkọ́, tó fi mọ́ àlùfáà.

Wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó jáde, ó ṣí fìlà, ó gbé e sórí àga rẹ̀. Ẹni tí kò dé fìlà fi ìborùn lé e, tàbí ìbọ̀wọ́. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà bàbá bàbá mi. Ẹni tí fìlà rẹ̀ wà lórí àga, ó wà níjókòó. A kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀, a kì í gba àyè rẹ̀, a kì í ta káàdì tẹ̀síwájú títí ọkọ̀ fi máa padà. Ìgbéyàwó tèmi gan-an dúró fún wákàtí mẹ́ta, fìlà ọkọ ìyàwó wà lórí àga níwájú pẹpẹ, èmi jókòó tì í, mò ń jẹ àkàrà òyìnbó tí wọn ò tíì gé. Nítorí náà, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn nínú wọn. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó sọ pé, “Alága, ẹ dúró dè wá.” Ta ní í sọ fún ènìyàn pé kó máa mí?

Ẹnu yà mí nígbà tí mo wò yíká. Nínú àwa méjìléláàádọ́ta, àwa mẹ́sàn-án la kù, gbogbo wa arúgbó. Fìlà mẹ́tàlélógójì, bí a bá ka ìborùn àti ìbọ̀wọ́ mọ́ ọn, wà lórí àga. Àwọn onílé kejì pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n dìde ni àbí kí wọ́n jókòó.

Alága Purefoy wo aago, ó tún ìwé rẹ̀ tò. Ó ní, “Ó dára. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.”

Mo ní, “Ká tẹ̀síwájú lọ síbo?”

“Síbi ìdìbò, Ìyáàfin Nankervis. Iye tí òfin béèrè fún ìpàdé ṣì pé.”

Digory nawọ́ sí àwọn àga. “Alága, àwọn èèyàn wà níjókòó o. Ẹ ò rí fìlà?”

“Mo rí i, Ọ̀gbẹ́ni Pascoe. Ẹ fi ibi tí òfin ti dárúkọ fìlà hàn mí.”

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń béèrè lóòótọ́ ni, ìyẹn ló sì bí mi nínú jù. Mo wo òkè, mo wo ilẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n sí mẹ́sàn-án! Jenna wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ń wọ aṣọ omi, ó rò pé àga òun ń dúró de òun, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ojú òkun.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo rọra tẹ Digory lẹ́sẹ̀. Mo ní, “Sọ̀rọ̀.”

“Kí n sọ kí ni?”

“Ohunkóhun. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lò ó tán.”

Digory dìde, ó wú ikọ́, ó tún un wú. Ó ní, “Alága, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dùnkún.” Ó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dùnkún. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe gbìn ín, ó sọ irú èyí tó máa ń jẹrà, ó bi Alága bóyá ewé òkun dára fún un ju ìgbẹ́ ẹṣin lọ. Nígbà tí Alága ní kí ni èyí kàn nínú Ìlànà Keje, Digory ní, “Sùúrù. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dùnkún ò yára hù.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú.

Loveday Hocking ló tẹ̀ lé e, opó tó ti pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹyẹ kékeré. Mo rò pé yóò sọ nípa ológbò rẹ̀. Àfi bó ṣe gbé fìlà dúdú kan tó wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. Ó ní, “Ti Petroc lèyí. Inú ọkọ̀ àfàlẹ̀, ilé orí táyà, ló ń gbé lẹ́yìn ilé ọtí, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́. Òjò ń jò lé wọn. Òun ló ń fa okùn iwájú lónìí.” Ó gbé fìlà náà padà, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́. “Ó tán, Alága. N ò lo ìṣẹ́jú mi tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fún Digory.”

Lójú fèrèsé, a rí wọn. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì lórí òkúta, okùn méjì, ọkọ̀ pupa kan láàárín wọn. Ìgbì ń fọ́ bí ilé tó ń wó. Ẹnì kan pariwo nínú gbọ̀ngàn pé ọkọ̀ akàn kan ni ìgbì ń gbé lọ sídìí àwọn àpáta tí a ń pè ní Eyín Ajá, okùn ti lọ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, ọkùnrin méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ wa kan omi, iwájú rẹ̀ dìde sókè gan-gan, mo rí aṣọ ofeefee kékeré kan nídìí ìtọ́kọ̀. Jenna ni. Mo gbàgbé orúnkún mi, mo fò dìde. “Ẹ wò ó! Ẹ wò ó, ọmọ mi nìyẹn!” Ọkọ̀ já ìgbì, ó lọ.

Alága dúró títí a fi jókòó. N ó gbà á fún un, ó dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, “Gbogbo ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ti sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí a yọ Ìlànà Keje...”

“Ó tó!” Èmi ni mo pariwo, n ò mọ ìgbà tí mo pariwo. Orí mi ṣàdédé là. Jory ọkọ mi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé fún ọdún méjìlélógún. Ọkọ ẹlòmíràn máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìwé òfin ni tèmi máa ń kà fún mi. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń sọ fún un pé kó pa iná. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun kan wọlé.

Mo ní, “Mo béèrè fún ìdìbò gbogbo abúlé. Kí gbogbo ẹni tó ní orúkọ nínú ìwé wá dìbò ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú àpótí, kì í ṣe ọwọ́ lásán nínú gbọ̀ngàn yìí. Òfin gbà mí láyè. Apá kìíní, ojú ewé kejì, Alága. Ó ní àbàwọ́n lára, Jory ló da tíì sí i.”

Alága ṣí ìwé. Ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì wò mí bí ẹni tó rí ẹja tó ń rìn. Ó ní, “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ béèrè fún un, nísinsìnyí, nínú ìpàdé yìí. Ẹ nawọ́.”

A nawọ́. Digory na ọwọ́ méjèèjì, Alága ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀. Ó kà wá. Mẹ́sàn-án.

“Mẹ́sàn-án,” ó ní.

“Ẹ tún un kà.”

“Ìyáàfin Nankervis, mẹ́sàn-án ni.”

Mo mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni. Mo sọ fún yín pé mo máa ń ka nǹkan. Ọwọ́ mi ṣì wà lókè níbẹ̀, n ò sì fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti parí. Mo wo àga Jenna, fìlà ọsàn tó wà lórí rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, Thirza, ahọ́n rẹ! Bí o kò bá sọ̀rọ̀ eku yẹn lẹ́ẹ̀kan, o lè bẹ ẹnì kan nínú wọn báyìí.

“Mẹ́wàá,” ohùn kan ní.

Gbogbo orí yí. Ìyáàfin Marchbanks ló dìde, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fà á láṣọ. “Fenella, kí lò ń ṣe? Àwa la máa wọlé!”

Ó já aṣọ rẹ̀ gbà. Ó ní, “Mo mọ̀. N ò fara mọ́ Ìlànà Keje, bó bá sì di ọjọ́ ìdìbò, n ó dìbò lòdì sí i. Ṣé ẹ ń gbọ́, Màmá Thirza?”

“Mo ń gbọ́, ìyáàfin.”

“Ṣùgbọ́n ogún ọdún ni mo ti ń wá síbí. A kì í ta káàdì tẹ̀síwájú nígbà tí fìlà bá wà lórí àga.” Ó kọjú sí Alága. “Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Àlejò kọ́ ni mí.”

Ẹ wo bí mo ṣe rí! Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ lu Digory, tí mo sì lù ú lóòótọ́, ní èjìká. Alága kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó pa ìwé dé, ó wo àwọn àga, ó yọ fìlà tirẹ̀ nínú àpò, ó gbé e sórí àga alága, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté láti bá wọn fa okùn nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Bàtà aláwọ dídán ló wọ̀. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ okùn.

Ọkọ̀ padà kó tó di aago mẹ́rin. Gbogbo wa, ọmọ Polgarrow àti onílé kejì, la fi imú tẹ gíláàsì fèrèsé. A ka orí wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀: mẹ́rin tó lọ, mẹ́fà tó dé. Ariwo tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Ìyáàfin Marchbanks gbá mi mọ́ra ṣáájú kí n tó rántí pé a jà.

Jenna wọlé, omi ń kán láti irun rẹ̀. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó dé e, ó jókòó sórí àga rẹ̀ bíi pé ilé ìyàgbẹ́ ló lọ.

“Màmá àgbà, ibo lẹ bá a dé?”

Mo ní, “Ọ̀dùnkún.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìdìbò náà wáyé, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́sàn-án. A gbé àwọn arúgbó wá nínú ọkọ̀, a gbé ẹni tó ń ṣàìsàn wá pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀. Àwọn kan nínú onílé kejì wakọ̀ wá láti Lọ́ńdọ̀nù, Ìyáàfin Marchbanks wà lára wọn, mo sì ti mú ilé rẹ̀ gbóná dè é. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Polgarrow ló wà lẹ́yìn wa. Ẹni tó ní ilẹ̀ láti tà kì í kọ olówó. Nígbà tí wọ́n ka ìwé ìdìbò tán, ẹni igba ó dín méjìlá fẹ́ kí Ìlànà Keje dúró, mẹ́tàdínlọ́gọ́fà kò fẹ́. Digory ní kí wọ́n tún un kà, ìgbádùn rẹ̀ ló fẹ́ tún gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ tún Nọ́ńbà Mẹ́fà ṣe. Ìyáàfin Marchbanks wà nínú ilé ìdáná, ó ń bu tíì.

Ó ní, “Mo dìbò lòdì sí yín o.”

“Mo mọ̀. Ẹ ti sọ fún wa. Ẹ ṣé.”

“Eku yẹn ńkọ́?”

“Òun náà dìbò lòdì sí wa.”

Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà.

Onílé Jenna fi oṣù díẹ̀ kún un fún un nígbà tó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kò fi ìfẹ́ ṣe é, ojú abúlé ló ń tì í. Lẹ́yìn náà Jenna sùn sórí àga gígùn lọ́dọ̀ mi, tí bàtà omi rẹ̀ ń rùn káàkiri ilé, títí wọ́n fi kọ́ Pápá Ilé Búrẹ́dì tán ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni sí èbúté. Ó sá a, èmi fi aago wò ó.

Ọjọ́ tó gba ilé, ó mú mi lọ. Yàrá méjì, òórùn ọ̀dà, kò sí àga kankan. Ó ní kí n la ọwọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kan lé e, ó ṣì mọ́ gan-an ni. Mo fa ìdè kọ́kọ́rọ́ mi yọ láti fi sí i, kẹẹ̀ẹ́dógún, ọwọ́ mi sì ti ń wá ibi tí ìgbálẹ̀ wà. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wọ ọwọ́ mi, iṣẹ́ ló kàn.

Jenna di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Rárá, Màmá àgbà. Ẹ má fi í sáàárín àwọn yẹn. Èyí, kì í ṣe láti wá gbálẹ̀. Ẹ kàn máa wọlé.”

Mo fi í sínú àpò mi ọ̀tọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Mo ṣí fìlà mi, mo gbé e sílẹ̀ lórí pákó ilẹ̀ ilé tí kò tíì ní àga, mo sì lọ ra búrẹ́dì.